Àsíá Maryland: Ilé Bàbá, Ilé Ìyá, àti Ogun Tó So Wọ́n Pọ̀

Ìbéèrè: "Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Baltimore fi àsíá kan àti fìlà kan ránṣẹ́ sí mi. Wúrà àti dúdú wà lára rẹ̀, pupa àti funfun náà wà níbẹ̀, nǹkan kan sì wà nínú pupa àti funfun yẹn tó dà bí àgbélébùú. Ó ní àsíá ìpínlẹ̀ tí àwọn ń gbé ni. Mo dé fìlà náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ni ẹnìkan bá pariwo pé àmì ẹgbẹ́ awo ni, pé n kò gbọ́dọ̀ dé e wọ mọ́ṣáláṣí. Kí ni ìtumọ̀ àwọn àwọ̀ àti àwòrán yìí? Báwo ni mo ṣe máa fi àsíá náà kọ́ tí kò fi ní dorí kodò? Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ̀yin ya àsíá fún Kwara wa, kí lẹ máa fi sí i?" Alhaji kan láti Ọ̀ffà ló béèrè.

Ìdáhùn: Alhaji, mo kí yín, mo sì kí ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ awo nínú àsíá yẹn rárá. Àsíá ìpínlẹ̀ Maryland ni lóòótọ́, ohun tó sì wà lára rẹ̀ ni àmì ìdílé méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ilé bàbá ọkùnrin kan àti ti ilé ìyá rẹ̀, tí wọ́n tò sí ojú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọkùnrin yẹn ni àwọn ará Maryland ṣe fẹ́ràn àsíá wọn débi pé wọ́n ń yà á sára fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti aṣọ àwọn eléré ìdárayá wọn. Ogun abẹ́lé ló sọ ọ́ di ohun tó dà lónìí, ibẹ̀ sì ni n ó ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí etí tí wọ́n lu ihò okùn sí wà ní ọwọ́ òsì yín. Ẹ ó rí i pé ojú mẹ́rin tó dọ́gba ni wọ́n pín in sí. Ojú òkè lọ́wọ́ òsì àti ojú ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún jẹ́ ọ̀kan náà, wúrà àti dúdú ni wọ́n. Àwọn méjì tó kù jẹ́ pupa àti funfun. Nínú ojú oníwúrà, ìlà òòró mẹ́fà ló dúró ti ara wọn, wúrà kan, dúdú kan, títí wọ́n fi pé. Ìlà keje tó nípọn wá gba orí gbogbo wọn kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lọ́wọ́ òsì, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fi ìka tọ ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ yìí. Níbi tó bá ti gun orí wúrà, dúdú ni yóò dà. Níbi tó bá ti bọ́ sórí dúdú, yóò di wúrà. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò nínú ojú pupa àti funfun: wọ́n tún pín ojú náà sí mẹ́rin kéékèèké, wọ́n sì gbé àgbélébùú lé àárín rẹ̀, tó jẹ́ pé apá rẹ̀ tó bọ́ sórí pupa jẹ́ funfun, apá tó bọ́ sórí funfun sì jẹ́ pupa. Orí kọ̀ọ̀kan àgbélébùú náà ní kókó mẹ́ta róbótó, èyí ló mú kó yàtọ̀ sí àgbélébùú tí ẹ máa ń rí lórí ṣọ́ọ̀ṣì.

Èyí náà ló máa jẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe fi kọ́. Igun òkè pátápátá tó sún mọ́ òpó gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, orí wúrà ló sì gùn. Bí ẹ bá rí wúrà ní igun yẹn, ó ti dorí kodò nìyẹn, ẹ yí i padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Maryland gan-an ló máa ń ṣì í, nítorí pé bí ènìyàn bá wò ó fìrí, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọra. Òfin ìpínlẹ̀ wọn tilẹ̀ sọ láti 1945 pé bí wọ́n bá fẹ́ fi ohun ọ̀ṣọ́ kankan sórí òpó tó gbé àsíá yìí, àgbélébùú oníkókó aláwọ̀ wúrà nìkan ni wọ́n lè lò. Ẹ̀yin ò nílò ìyẹn nínú pálọ̀. Bí ẹ bá sáà fẹ́ gbé e kọ́ pẹ̀lú àsíá Nàìjíríà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ti Nàìjíríà wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ti àgbélébùú yẹn, n kò ní fi ohunkóhun pa mọ́ fún yín. Àgbélébùú ni, ìdílé Kristẹni ló sì ni ín látìbẹ̀rẹ̀. Bóyá ó yẹ kí Mùsùlùmí dé irú fìlà bẹ́ẹ̀ wọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti Ímáàmù yín nìyẹn. Iṣẹ́ tèmi kò dé ibẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú òfin Maryland, àmì ìdílé àti ti ìpínlẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń fi gba ìjẹ́wọ́ ẹ̀sìn lọ́wọ́ rẹ̀.

George Calvert ni ọkùnrin tí mo ń sọ, ìjòyè ni lábẹ́ Ọba James Kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wúrà àti dúdú ni àmì ilé bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Alicia Crossland, ló jogún ìdílé tirẹ̀, pupa àti funfun pẹ̀lú àgbélébùú sì ni àmì wọn. Nínú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàkóso irú àmì bẹ́ẹ̀, ọmọ tí obìnrin tó jogún ilé bàbá rẹ̀ bá bí ní ẹ̀tọ́ láti gbé àmì ilé ìyá pọ̀ mọ́ ti ilé bàbá. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí pé ẹni tó bá ń ki ọmọ wa kò ní parí oríkì ilé bàbá kó má yà sí ilé ìyá. Calvert di Kátólíìkì ní gbangba ní 1625, lásìkò tí irú ìgbésẹ̀ yẹn lè gba iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ènìyàn, síbẹ̀ ọba fi oyè Baltimore dá a lọ́lá. Ó tọrọ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ó kú ní 1632 kí ìwé àṣẹ tó jáde, Cecil ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì fún ní ìwé náà lọ́dún yẹn kan náà. Orúkọ ayaba Henrietta Maria, ìyàwó Ọba Charles Kìíní, ni wọ́n fi pe ilẹ̀ náà ní Maryland. Ìlú tí ọmọ yín ti ń ṣiṣẹ́ ń jẹ́ orúkọ oyè ìdílé Calvert títí di òní.

Ní ayé ìgbà tí ìdílé Calvert fi ń ṣàkóso, wúrà àti dúdú ni wọ́n ń ta lórí òpó. Pupa àti funfun kò jáde bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira, wọ́n pa àwọn àmì olówó àti ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì. Ó di 1854 kí ìpínlẹ̀ náà tó dá àmì Calvert padà sínú èdìdì ìjọba, láti ìgbà náà sì ni àwọn ènìyàn ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe wúrà àti dúdú ní àwọ̀ Maryland.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ya kúrò nítorí ẹrú, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Lincoln sì ní kò ṣeé ṣe. Maryland bọ́ sí àárín méjì. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń kó ẹrú ṣiṣẹ́ oko ni, àwọn olówó ibẹ̀ sì ní ẹbí àti òwò ní Gúúsù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Maryland ló yí Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, ká ní apá tó pọ̀ jù, ìjọba àpapọ̀ kò sì lè jẹ́ kó lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 1861, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ láti Massachusetts ń gba Baltimore kọjá lọ sí Washington, àwọn ará ìlú kọlù wọ́n ní ìgboro, àwọn ènìyàn sì kú ní ọ̀tún àti ní òsì. Maryland kò yà kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ sá kọjá odò lọ bá àwọn Gúúsù jà.

Ìgbà yìí ni àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilé. Nítorí pé ìjọba tó dúró pẹ̀lú Lincoln ni wúrà àti dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ń ṣe ti Gúúsù wá àwọ̀ mìíràn tí yóò ṣì jẹ́ ti Maryland, wọ́n sì rí i nínú àmì ilé ìyá: pupa àti funfun. Wọ́n ń fi rán aṣọ, wọ́n ń so ó mọ́ irun, wọ́n ń fi kọ́ ojú fèrèsé. Àwọn aláṣẹ ológun ní Baltimore fòfin de é, wọ́n sì ń mú ẹni tó bá gbé e jáde, débi pé rìbọ́nì pupa àti funfun lára obìnrin di ẹ̀sùn. Àwọn ọmọ Maryland tó wà nínú ẹgbẹ́ ogun Gúúsù sì ń fi àgbélébùú oníkókó sára aṣọ ogun wọn láti fi dá ara wọn mọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1862, ní Front Royal ní Virginia, ẹgbẹ́ ogun Maryland Kìíní ti ìjọba àpapọ̀ àti ẹgbẹ́ ogun Maryland Kìíní ti Gúúsù kojú ara wọn. Orúkọ kan náà, ìpínlẹ̀ kan náà, nígbà mìíràn ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Ní Gettysburg ní Pennsylvania ní 1863, wọ́n tún bá ara wọn ní ìhà òkè kan tí wọ́n ń pè ní Culp's Hill.

Ogun parí ní 1865. Àwọn tó jà lọ́tùn-ún àti lósì padà sílé, wọ́n sì ní láti máa bá ara wọn gbé ládùúgbò, kí wọ́n máa dìbò nínú yàrá kan náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1880, nígbà tí Baltimore ń ṣe àjọ̀dún 150 ọdún rẹ̀, àsíá kan jáde nínú ìwọ́de tó ní àwọ̀ méjèèjì lára, wúrà àti dúdú, pupa àti funfun, lójú mẹ́rin. Ní oṣù Kẹwàá 1888, wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ sí Gettysburg, sí ibi tí wọ́n ti ń ṣí àwọn òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun Maryland. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 1904 ni àwọn aṣòfin fi òfin gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àsíá ìpínlẹ̀.

Ohun tí ogun fi sínú aṣọ yẹn nìyí, Alhaji. Wọn kò po àwọ̀ méjèèjì pọ̀ kó di ìkẹta. Wọn kò sì fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Olúkúlùkù gba ojú méjì, ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ já a kọjá ibẹ̀ yóò tún kíyè sí i pé wúrà àti dúdú, àwọ̀ àwọn tó borí, ló wà ní ojú òkè tó sún mọ́ òpó, ibi tí àwọn onímọ̀ àsíá ń pè ní ibi ọlá. Òfin àmì ìdílé ló gbé e síbẹ̀, nítorí pé ilé bàbá ló máa ń ṣáájú, àmọ́ ó bá ìtàn ogun náà mu wẹ́kú. Síbẹ̀, n kò lè yin ìlàjà yẹn kí n má sọ ibi tó kù sí. Àwọn ọmọ ogun funfun ló làjà láàárín ara wọn. Àwọn ènìyàn dúdú tí òfin Maryland dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní oṣù Kọkànlá 1864, àwọn tí ogun náà dá lé lórí, kò ní àwọ̀ kankan nínú ojú mẹ́rin yẹn, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí ló bí Frederick Douglass àti Harriet Tubman, àwọn akọni tó sá kúrò lóko ẹrú tí wọ́n sì bá a jà. Àwọn kan ṣì wà níbẹ̀ tí pupa àti funfun kò dùn mọ́ lójú nítorí ohun tó dúró fún láyé ogun. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò tilẹ̀ mọ ìtàn náà. Àsíá ilé wọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ ó rí i pé n kò sọ pé wúrà túmọ̀ sí ọrọ̀ tàbí pé dúdú túmọ̀ sí ilẹ̀ ọlọ́ràá. Kò sí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú òfin Maryland, ẹni tó bá sì sọ ọ́ fún yín, àròsọ ló sọ. Ibí ni àsíá wọn ti yàtọ̀ pátápátá sí ti Nàìjíríà, níbi tí àwọ̀ ti ní ìtumọ̀ láti ọjọ́ kìíní: àwọ̀ ewé fún ọrọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, funfun fún àlàáfíà àti ìṣọ̀kan. Taiwo Akinkunmi, ọmọ Ìbàdàn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní London, ló yà á nígbà tí ìjọba kéde ìdíje ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó gba £100, wọ́n sì ta àsíá náà sókè ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960. Ó kú ní oṣù Kẹjọ 2023. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé oòrùn pupa kan tó ń tan ìtànṣán wà láàárín funfun nínú àwòrán tó fi ránṣẹ́. Àwọn adájọ́ ìdíje náà ló yọ ọ́. Mo rò pé wọ́n ṣe ohun tó dára, nítorí pé télọ̀ tó bá ní aṣọ àwọ̀ ewé àti funfun lè rán àsíá Nàìjíríà pẹ̀lú ojú rírán méjì péré, ọmọ jéléósinmi sì lè yà á láì wo ibì kankan. Àsíá Maryland, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n sábà fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ; ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ọwọ́ rán an yóò jókòó pẹ́.

Báwo wá ni àsíá tó díjú tó bẹ́ẹ̀ ṣe dára? Nítorí pé ó dára gan-an. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àsíá ní Àríwá Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní 2001 lórí àsíá 72 láti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ipò kẹrin ni wọ́n fi Maryland sí. Ìdí rẹ̀ wà nínú òfin àtijọ́ kan tí àwọn oníṣẹ́ àmì ìdílé ń tẹ̀ lé: wọ́n pín àwọ̀ sí ọ̀nà méjì, wúrà àti funfun lọ́nà kan, nítorí pé wọ́n mọ́lẹ̀, dúdú, pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé lọ́nà kejì, nítorí pé wọ́n kún. Èyí tó mọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gun orí èyí tó mọ́lẹ̀, èyí tó kún kò sì gbọ́dọ̀ gun orí èyí tó kún. Ojú ogun ni òfin yìí ti wá, níbi tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ mọ asà ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá nínú eruku. Ẹ padà wo àsíá yín: nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ibi gbogbo tí ìlà kan ti pàdé èkejì, mímọ́lẹ̀ àti kíkún ló ń pàdé. Nítorí náà, bí ẹ kò tilẹ̀ lè ka iye ìlà rẹ̀ láti òkèèrè, ẹ kò lè ṣì í mọ̀.

Ẹ fi wé ọ̀pọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà yòókù. Nǹkan bí ogún nínú wọn ló kàn gbé èdìdì ìjọba lé orí aṣọ búlúù, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú èdìdì yẹn lẹ ó ti rí àgbẹ̀, òkè, odò, ọkọ̀ ojú omi, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ Látìn, gbogbo rẹ̀ kéékèèké bí ohun tí wọ́n fẹ́ fi lu ìwé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ lórí òpó, aṣọ búlúù lásán lẹ ó rí. Minnesota jẹ́ ọ̀kan nínú wọn títí di ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 2024, nígbà tí àsíá tuntun gba ipò. Nínú èdìdì ti tẹ́lẹ̀, òyìnbó kan ń túlẹ̀, ọmọ onílẹ̀ kan, ìran tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, sì ń gun ẹṣin lọ. Ó pẹ́ tí àwọn onílẹ̀ ti ń sọ pé àwòrán bí wọ́n ṣe lé àwọn kúrò ni. Àsíá tuntun náà ní ìràwọ̀ funfun oníka mẹ́jọ lórí búlúù dúdú, àti búlúù mímọ́lẹ̀ fún omi. Andrew Prekker tó yà á fi ìlà mẹ́ta sí i tẹ́lẹ̀, funfun, àwọ̀ ewé àti búlúù. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí búlúù mímọ́lẹ̀ kan dúró rọ́pò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oòrùn Akinkunmi náà nìyẹn: nínú iṣẹ́ àsíá, ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó yọ ló ń járe.

Ọ̀rọ̀ kan kù kí n tó dé Kwara, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àmì. New Mexico ló gba ipò kìíní nínú ìwádìí tí mo sọ. Oòrùn pupa kan lórí àwọ̀ wúrà ni àsíá wọn, róbótó láàárín, ìtànṣán mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Àmì mímọ́ àwọn ará Zia ni, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Mẹ́rin yẹn dúró fún ìhà ayé mẹ́rin, ìgbà mẹ́rin nínú ọdún, ìpín mẹ́rin nínú ọjọ́ àti ipele mẹ́rin nínú ìgbésí ayé ènìyàn. Ara ìkòkò Zia kan ni Harry Mera, dókítà kan ní Santa Fe, ti rí i, ìpínlẹ̀ sì sọ ọ́ di àsíá ní 1925 láì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ará Zia dìde pé kí ìpínlẹ̀ san owó ohun tí wọ́n mú. Ìlú Madison ní Wisconsin, tí òun náà ti fi oòrùn yẹn sára àsíá tirẹ̀, yọ ọ́ kúrò ní 2018. Àsíá tó rẹwà jù nínú gbogbo wọn sì ni, lójú tèmi náà.

Ní báyìí, Kwara. Ọ̀rọ̀ àsíá kò ṣàjèjì ní Ìlọrin. Lábẹ́ ìjọba Sókótó, ẹni tó bá gba àsíá ló gba àṣẹ, ọ̀nà yẹn sì ni Abdulsalami, ọmọ Ṣẹ́ú Àlímì, gbà di Ẹ́míà ní àwọn ọdún 1820. Ìwé àṣẹ ni àsíá jẹ́ nígbà náà, bí àmì Calvert ṣe jẹ́ ìwé àṣẹ ní Maryland. Nígbà tí Ìlọrin wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, dágí, àmì onígun mẹ́rin tó lọ́ra wọn, ni àmì gbogbo agbègbè náà. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni wọ́n gé wa kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì da Ìlọrin àti Kàbà pọ̀ di ìpínlẹ̀ kan.

Bí wọ́n bá pe ìpàdé lónìí pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú àmì rẹ̀ wá, mo mọ bí yóò ṣe rí. Ìlọrin yóò gbé ẹṣin wá, nítorí pé oríkì wọn ní ẹṣin leégún ilé wọn. Ẹ̀yin ará Ọ̀ffà yóò ní ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, kí wọ́n ya ẹni méjì tó ń jà. Pàtígì yóò mú ọkọ̀ ojú omi dé, Bàrùtẹ́n kò sì ní dákẹ́. Bí a bá tò gbogbo rẹ̀ sínú asà kan, a ti ya èdìdì nìyẹn. Kí wọ́n fi lu ìwé, kí wọ́n má fi sórí òpó. Bí ìjọba kan bá sì dá a yà láì pe ẹnikẹ́ni, ìjọba tó bá tẹ̀ lé e lè pa á tì. Ẹ wo Ọ̀ṣun tí a jọ pààlà: ìjọba Aregbesola gbé àsíá, orin àti àmì tuntun kalẹ̀ fún ìpínlẹ̀ náà, bí Adeleke sì ṣe gorí àga ní 2022 ló pàṣẹ pé kí orúkọ ìpínlẹ̀ padà sí bó ṣe wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà.

Omi ni èmi yóò yà. Orúkọ odò Ọya lédè Haúsá ni orúkọ ìpínlẹ̀ wa. Ìlà funfun tó pínyà bí oríta lára asà dúdú Nàìjíríà, èyí tó dúró fún Ọya àti Bẹ́núé níbi tí wọ́n ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, orí ilẹ̀ Kwara ni ibi ìpàdé yẹn wà láti 1967 títí wọ́n fi dá Kogí sílẹ̀ ní 1991. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: Ọya kò gba Ọ̀ffà kọjá, Jẹ́bà àti Pàtígì ló ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí omi yín ń lọ. Omi Ọ̀yún ń ṣàn lọ sí àríwá, omi Aṣà tó la Ìlọrin já náà ń ṣàn lọ síbẹ̀, inú Ọya sì ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí níkẹyìn. Òjò tó rọ̀ sórí òrùlé yín ní Ọ̀ffà ń gba Ìlọrin lọ bá àwọn Núpé.

Nítorí náà, aṣọ búlúù aláró tó kún dáadáa ni n ó lò, kí funfun lè hàn lórí rẹ̀. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yóò ti ìsàlẹ̀ jáde, ọ̀kan láti igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fà sókè títí wọ́n á fi wọnú ìlà funfun kan tó fẹ̀, tó gba òkè aṣọ náà kọjá láti òpó dé etí kejì. N kò ní lo àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. N kò ní ya àwòrán ilẹ̀ sí i, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gé ilẹ̀ wa, ní 1976 àti ní 1991, àsíá tó bá sì ya ààlà ìpínlẹ̀ yóò di irọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún gé e. N kò ní kọ "Kwara" síbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé lẹ́tà máa ń dojú kọ ẹ̀yìn nígbà tí ènìyàn bá wo àsíá láti ìhà kejì, ẹni tó bá sì mọ odò náà kò nílò kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ fún un.